Imú Tó Ṣáájú Ẹni Tó Ni Ín Dé

Láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ̀rẹ̀, àlejò kan ṣoṣo ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó náà ń gbà fún arúgbó kan lóṣù. Nọ́ọ̀sì àgbà ló jókòó sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, nígbà tí ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, báàgì ní èjìká, ìbòmú ní àgbọ̀n. Kò sí ohun tí èèyàn lè sọ fún ọkùnrin yìí tí kò ní í ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ń pè é ní Mo-ti-mọ̀. Oṣù mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ kò ti fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀ ló ń wá. Ìyá wá pè é níjẹta: "Àkọ́bí mi ni mo fẹ́ rí lóṣù yìí. Bí o kò bá wá, má pè mí mọ́."

"Ẹ káàsán o, nọ́ọ̀sì. Màmá mi ni mo wá kí, yàrá keje."

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ṣé àgbọ̀n lẹ fi ń mí ni, tí ẹ fi bò ó?"

"Mo ti mọ̀, mo ti mọ̀." Ó fa ìbòmú sókè, ó bo ẹnu, ó yọ imú síta.

"Imú ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe ara yín ni?"

Ó tún fà á sókè. Nọ́ọ̀sì fún sànítáísà sí i lọ́wọ́. Ó fi ra ọwọ́, ó sì fi èyí tó ṣẹ́ kù pa orí.

"Ẹ kú oge. Èsì àyẹ̀wò ti òní dà?"

"Èmi tí mo máa ń ṣe nǹkan sílẹ̀!" Ó na fóònù sí i. "Orúkọ mi nìyẹn gàdàgbà. Kò sí àrùn kankan lára mi."

Nọ́ọ̀sì wọ gíláàsì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò kánjú.

"Ọ̀nà jìn, ọ̀gá?"

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre! Wákàtí márùn-ún gbáko. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ báyìí ni."

"Ẹ kú ewu ọ̀nà. Àgọ́ wa tó wà lẹ́yìn ilé yìí ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò yìí, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ òní. Ṣé imú yín ló kọ́kọ́ wọkọ̀ ni?"

Mo-ti-mọ̀ gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àbúrò mi ń gbé nítòsí. Òun ni mo ní kó bá mi ṣe é."

"Kó bá yín ṣe kí ni?"

"Àyẹ̀wò náà. Ó fi orúkọ mi sílẹ̀, wọ́n ti igi bọ̀ ọ́ nímú, ó fi èsì ránṣẹ́ sí mi. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ebi bá ń pa yín, ṣé òun náà ló ń bá yín jẹun?"

"Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn. Òun ló ń ṣojú mi nípàdé ẹbí, nísìnkú, níbi ìgbéyàwó, kò sẹ́ni tó wí nǹkan rí."

"Kó máa ṣojú yín lọ. Imú yín ni mo ní kí ẹ gbé wá. Arúgbó méjìlélógójì ló wà nínú ilé yìí, ọ̀gá. Ikọ́ àlejò kan ṣoṣo tó láti kó ìdajì wọn lọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ti igi bọ àwa òṣìṣẹ́ nímú. Màmá yín gan-an ń ṣe é, wọn kì í ṣẹ́jú."

"Ṣé... ṣé kì í dunni?" Ohùn ọkùnrin náà ti lọ sílẹ̀.

"Háà! Mo mà ti ń káàánú yín pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ gbórí sẹ́yìn."

"Yéè! Ó ti kan ọpọlọ mi!"

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn yín. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé igi náà ni mo ń já."

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Èsì jáde, kò sí àrùn. Mo-ti-mọ̀ nu omijé, ó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fún un, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé ike bo ojú lórí ìbòmú.

"Ó yá, mo ti ṣetán."

Nọ́ọ̀sì ṣí rẹ́jísítà. Ó wò ó. Ó wo ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá, ẹ ti wá lónìí. Ẹ tiẹ̀ ti lọ."

"Èmi wo?"

"Orúkọ yín rèé tí ẹni tó jókòó síbí láàárọ̀ kọ, yàrá keje. Ẹ wọlé ní aago mẹ́wàá, ẹ jáde ní mọ́kànlá. Ti oṣù yìí ti parí."

"Àbúrò mi nìyẹn! Àyẹ̀wò nìkan ni mo ní kó ṣe! Ẹ pe màmá, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó wá!"

Nọ́ọ̀sì gbé tẹlifóònù. Ó béèrè. Ó gbọ́ títí, ó ń mi orí, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àkọ́bí àwọn ni. Nínú irú ẹ̀wù tí ẹ wọ̀ yìí, ta ni ẹ fẹ́ kí wọ́n dá mọ̀? Ẹ bá wọn gé èékánná, ẹ pa wọ́n lẹ́rìn-ín, inú wọn dùn púpọ̀."

"Ó tán?"

"Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn bá àbúrò yín wí. Pé láti òwúrọ̀, kò yọjú, kò pè. Kó jọ̀ọ́, kó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe."