Kẹ́hìndé Kò Tíì Buwọ́ Lù Ú

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ Ilésanmí ní Máfólúkù lánàá, ọṣẹ dúdú ló sì dá a sílẹ̀. Bàbá Rùfáì ọlọ́ṣẹ dúdú, tí wọ́n tún ń pè ní Bàbá Táíyé, ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ó ru pátákó ìsọ̀ rẹ̀ wá, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ tó di olóògbé bò ó, nítorí ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba pátákó náà. Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin rẹ̀, jókòó lẹ́yìn rẹ̀.

Kọ́láolúwa, máníjà ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ńlá kan ní Ìsọlọ̀, ló pẹjọ́.

“Baálẹ̀, àwa la ni Táíyé. Orúkọ ọṣẹ wa ni, a sì ti forúkọ náà sílẹ̀ ní Àbújá. Bàbá yìí kọ ‘Ọṣẹ Ìyá Táíyé’ sára pátákó. A fún un ní ọjọ́ méje nínú lẹ́tà pé kó yọ ọ́.”

Baálẹ̀ bèèrè pé: “Bàbá Táíyé, ṣé ẹ fọwọ́ sí lẹ́tà náà?”

“Rárá. Mo fi í pamọ́ sínú Kùránì mi. Táíyé àti Kẹ́hìndé ni ìyàwó mi bí. Àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ìyá Táíyé. Níwájú pátákó yìí nìkan ni mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń kà á.”



Máníjà pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, Sherifdeen, awakọ̀ ilé-iṣẹ́ wọn.

“Orúkọ yẹn tàn mí jẹ, Baálẹ̀! Mo ra ọṣẹ bàbá, mo rò pé tiwa ni!”

Baálẹ̀ bi awakọ̀ náà pé: “Ìgbà wo lo kọ́kọ́ rà á?”

“Ìgbà tí mo ń kọ́ mọ́tò ní Jákàńdè. Á tó ogún ọdún.”

“Ilé-iṣẹ́ yín ńkọ́?”

“Ọdún márùn-ún… Ọ̀gá, ẹ má wò mí báyẹn! Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ òtítọ́.”

Àǹtí Memunat, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, bi í pé: “Èwo lo fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí?”

“Ti bàbá ni, mà. Tiwa máa ń yún mi lára.”

Máníjà fò dìde. “Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ọ́ síwèé ló ni ín! Kódà, àwọn Táíyé tí wọ́n ń bí káàkiri yìí, à ń gbójú fò wọ́n ni!”

Baálẹ̀ ní kó jókòó.

“Máníjà, ta ló rán Táíyé wáyé?”

“Sà?”

“Kẹ́hìndé ni. Òun lẹ̀gbọ́n, òun ló ní kí Táíyé lọ tọ́ ayé wò. A kì í mú àbúrò lọ láì bi ẹ̀gbọ́n. Ṣé Kẹ́hìndé buwọ́ lu ìwé Àbújá yín?”

“Kò… kò buwọ́ lù ú, sà.”

“Ìwé yín kò tíì pé nìyẹn. Ẹ lọ bá gbogbo Kẹ́hìndé tó wà ní Máfólúkù, Ìsọlọ̀ àti Jákàńdè. Èyí tó ṣì ń mu ọmú, ẹ dúró dè é títí yóò fi mọ̀wé kọ. Kí ẹ tó parí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pátákó yìí. Bàbá Táíyé, ẹ̀yin náà, ẹ kó àwọn ọ̀rá tí ẹ fi ń di ọṣẹ láyé àtijọ́ jọ, kó lè hàn pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lo orúkọ náà, kí ẹ wá lọ́yà tiyín kó dá wọn lóhùn. Ìwé la fi ń lé ìwé.”

Máníjà yíjú sí ọmọbìnrin ẹ̀yìn, ó na bírò sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Kẹ́hìndé, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ kọ lẹ́tà sí mi. Tó bá di ọjọ́ méje, màá wò ó bóyá mo ti kà á.”

Bàbá Rùfáì ká ìró ìyàwó rẹ̀, ó fi í há abíyá. Ó gbé pátákó náà rù, ó jẹ́ kí orúkọ náà kọjú síta, ó sì gba ọ̀nà tó jìn jù délé.