Àjàrà Tó Ń Wá Òtútù ní Bàrígà

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí olùpẹjọ́ tó wọlé. Sabina Ọlápọ̀sí, ẹlẹ́ja tí gbogbo Ìlàjẹ ní Bàrígà mọ̀ sí Ìyá Peculiar, ló ru kúlà ẹja rẹ̀ dé iwájú Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ṣí ọmọrí rẹ̀. Àwọn ìjòyè sáré fi etí agbádá bo imú.

"Ìyá Peculiar," Kábíyèsí ní, "kí la fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Kábíyèsí, ẹ̀rí ni mo gbé wá."

"A ti gbà á gbọ́. Dé e!"

Sabina dé e. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń pọ̀n ọ́n lọ sétí ọ̀sà ni ó ti ń bá ẹja rìn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ rí pé ọjà rẹ̀ ń rùn. Ọ̀rọ̀ náà ń ta á lára bí egungun ẹja tó há sọ́fun.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ìkórè ìjọ wa, èmi ni wọ́n ní kí n gbé ẹja wá. Láàárọ̀ Sátidé, mo ra ọ̀bọ̀kún tó ṣì ń jà lọ́wọ́, mo da yìnyín bò ó, mo gbé kúlà sẹ́yìn ilé, mo lọ tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Mi ò mọ̀ pé Bàbá Fadékẹ́ tí a jọ ń gbé ilé kan náà ti kó gbogbo yìnyín mi."

"Ó fi mu ọtí ni?" Ìjòyè Mákánjúọlá ló béèrè. Ọ̀rọ̀ ọtí kì í kọjá létí rẹ̀.

"Ì bá jẹ́ pé ó mu ún! Ìdí igi ló dà á sí."

Sabina ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Mo ṣí kúlà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin sọ orin nù lágbede méjì. Wòlíì gbé imú sókè, ó ní kí oníkálukú yẹ ara rẹ̀ wò, pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ti wọ àárín ìjọ. Kábíyèsí, gbogbo wọn yíjú sí mi! Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kiri kọjá, àwọn oníbàárà mi á ní àwọn ti ra ẹran."

Kò fẹ́ kí àwọn ìjòyè rí ẹkún òun, ó fi etí ìró nu ojú bí ẹni tó ń nu òógùn.

Wọ́n pe ẹni tó pè lẹ́jọ́. Bámilóyè, bàbá Fadékẹ́, ti tẹ̀wé títí ní Bajulaiye, òpópónà àwọn atẹ̀wé, kó tó fẹ̀yìn tì. Ṣúwẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ ló wọ̀ wá, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

"O jí yìnyín àbí o ò jí i?"

"Kábíyèsí, mi ò jí i. Ẹ̀mí ni mo fi gbà là."

"Ẹ̀mí ta ni?"

"Ẹ̀mí àjàrà mi. Fadékẹ́ ọmọ mi tó wà ní Ìlú Ọba—"

Kábíyèsí gbé ojú sókè. "Ìlú ọba wo? Níbo lo rò pé o dúró sí yìí?"

"Ẹ dákun, Kábíyèsí! Ìlú òyìnbó ni mo fẹ́ wí. Ó gbin àjàrà sẹ́yìn ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń fi fídíò rẹ̀ hàn mí, èso rẹ̀ ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn yín. Ó ní bí òtútù bá dé, ewé rẹ̀ á rẹ̀ dànù, igi á sùn fọnfọn, wọn á gé ẹ̀ka rẹ̀ lójú oorun. Bó bá jí, á so. Èmi náà gbin tèmi. Kábíyèsí, tèmi ò sùn! Ooru Bàrígà ò jẹ́ kó sùn. Ewé ló ń rú ṣáá. Ó gun ògiri, ó gun okùn tí a ń sá aṣọ sí, ó ti dé wáyà iná. Èso kan ṣoṣo, kò sí."

"O ò ṣe gé ẹ̀ka rẹ̀?"

"Kó lajú sílẹ̀? Ta ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí kò tíì sùn?"

Ìjòyè kan mi orí. "Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ o."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Sabina, Rùkáyátù tó ń ránṣọ lójúde ilé wọn.

"Mo fojú mi rí i lọ́sàn-án gangan. Ó fi tówẹ̀lì wé yìnyín náà bí ọmọ tuntun, ó gbé e lọ sídìí igi, ó ń wí pé, 'Sùn, ọmọ mi, sùn.'"

"Yìnyín ló ń bá sọ̀rọ̀ àbí igi?"

"Igi ni, Kábíyèsí. Yìnyín ti ń yọ́, kò ráyè gbọ́."

Ni Japhet, ọ̀rẹ́ Bámilóyè, bá fò dìde. "Irọ́ funfun! Èmi àti Bàbá Fadékẹ́ la jọ ń ta ayò lójúde lọ́jọ́ náà, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò dìde rárá."

"Kí ló wá wà nídìí àjàrà?"

"Omi tútù inú fíríìjì rẹ̀ ni. Ojú mi ló ṣe bù ú."

"Ẹni tí kò dìde rárá ló bu omi?"

"Ó dìde díẹ̀."

"Ó dára. Ṣé iná wà lọ́jọ́ náà?"

"Iná kẹ̀? Kábíyèsí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí a ò ríná."

"Kí ló wá mú omi tutù nínú fíríìjì?"

Japhet wòkè, ó wolẹ̀. "Yìnyín Ìyá Peculiar tó kó síbẹ̀ ni."

Ẹ̀rín bú. Bámilóyè gbá orí mú. "Japhet, ṣé o wá jẹ́rìí gbè mí ni, àbí o wá sìnkú mi?"

Wọn ò tíì dákẹ́ tí ìyàwó Bámilóyè fi jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. "Kábíyèsí, èmi náà ní ẹjọ́. Fáànù kan ṣoṣo tó wà nílé, ìdí àjàrà ló wà. Bí kò bá síná, á tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò lè gbé fíríìjì fún un. Èmi rèé, páálí ni mo fi ń fẹ́ ara mi."

"Bàbá Fadékẹ́, òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti bímọ. Àjàrà ni kò tíì so."

Inú ń bí Sabina, síbẹ̀ ẹ̀rín fẹ́ pa á. Àfìgbà tí ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí Fadékẹ́ ti lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kó wálé, iṣẹ́ kò jẹ́. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé mo gbin àjàrà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Bàbá, bó bá so, mo ń bọ̀ wá jẹ ẹ́.'"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Sabina. Òun náà ní Peculiar nílé.

Ìjòyè Mákánjúọlá wú ikọ́. "Kábíyèsí, kí wọ́n hú igi náà wá sí yàrá mi. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ á máa bójú tó o."

"Èso rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìgbìmọ̀ á máa bójú tó ìyẹn náà."

"Jókòó." Kábíyèsí na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí Bámilóyè. "O jẹ̀bi. Kì í ṣe yìnyín lo jí, orúkọ obìnrin yìí ni. Yìnyín á yọ́ bó pẹ́ bó yá, orúkọ kò gbọdọ̀ yọ́. Láti ọ̀la, ìwọ ni wàá máa ru ẹja rẹ̀, láti Ìlàjẹ gba Bajulaiye, títí wọ Akoka. Wàá máa pariwo pé, 'Ẹja Sabina kì í rà, èmi olè yìnyín ni mo bà á jẹ́!' Títí di ọjọ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá padà. Kí o sì gbé fáànù padà fún ìyàwó rẹ."

"Àjàrà mi ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Gé e. Já gbogbo ewé rẹ̀ pátá. Igi tó bá ṣàdédé bá ara rẹ̀ níhòòhò, á rò pé ọyẹ́ ti dé. Àwọn ìjòyè mi wọ̀nyí náà, ẹ gba agbádá lọ́rùn wọn lónìí, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa gbọ̀n. Ìyá Peculiar ni yóò gé e. Ọ̀bẹ rẹ̀ mú."

Bámilóyè dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí, ọba ti dìde.

Nírọ̀lẹ́, Sabina mú ọ̀bẹ tó fi ń pa ẹja dé ìdí àjàrà. Bámilóyè di ojú. Bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ń já, ó ń fa ṣúwẹ́tà rẹ̀ mọ́ra.

"Ìyá Peculiar, ṣé kò máa dùn ún báyìí?"

Sabina dáwọ́ dúró. Ọkàn rẹ̀ ti múra láti bú u. "Ó ti sùn, Bàbá Fadékẹ́," ó ní, ó sì rọra ń gé e lọ.

Láàárọ̀ yìí, Sabina tẹ̀ lé Bámilóyè kiri. Nígbà tí wọ́n dé Bajulaiye, àwọn atẹ̀wé pa ẹ̀rọ, wọ́n jáde wá wo ọ̀gá wọn àtijọ́ pẹ̀lú kúlà lórí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ra ẹja títí ó fi tán. Sabina ní kí àwọn máa padà sílé.

"Akoka ni ọba wí," Bámilóyè dáhùn. Ó gbé kúlà òfìfo padà sórí, ó sì wọ Akoka lọ, ó ń pariwo ẹja tí kò sí.