Bàbá Miami Jókòó Lé Òòrẹ̀ Òkun

"Yéèèèèè!"

Igbe ọmọdé kọ́ nìyẹn o. Igbe bàbá arúgbó ni. Gbogbo ẹyẹ òkun tó bà sórí yanrìn fò lọ pẹ́ẹ́, wọn ò sì padà wá mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Wendell Krantz ló ń ké. Ó ní kí òun rọra jókòó sínú omi etí yanrìn ní Sandy Island, kí òun máa fa ọtí ráàmù òun díẹ̀díẹ̀, kí ayé máa lọ. Kò mọ̀ pé òòrẹ̀ òkun ti gba àyè yẹn ṣáájú òun. Ṣẹ́ ẹ mọ òòrẹ̀ òkun? Ẹran omi kan ni, ó dúdú kirimú, ó rí roboto, ẹ̀gún ló fi ṣe aṣọ. Kì í lé èèyàn. Kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Ó jókòó jẹ́jẹ́ sáyè ẹ̀ ni, kí bàbá tó lọ gbé gbogbo ìdí lé e lórí.

Gbìì!

Ife ráàmù fò lọ sọ́tùn-ún, fìlà fò lọ sósì, bàbá alára fò lọ sókè.

"Gretchen! Gretchen o! Mo ti kú!"

Gretchen ìyàwó ẹ̀ wà lábẹ́ agboòrùn, ó ń kàwé. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ó tún ti kú," ló wí. "Lẹ́ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ìdí mi ni! Wá wò ó!"

Ìyá dìde, ó fi ọ̀bẹ ẹja la ìdí ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ ọkọ ẹ̀ fàà, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó fínnífínní. Ẹ̀gún dúdú dúdú ló dúró ṣánṣán láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Kò sí àyè tí èèyàn lè fi ìka kàn.

"Wendell," ló wí, "ìdí ẹ ti hu irùngbọ̀n."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí o! Linton, awakọ̀ ojú omi tó gbé wọn wá láti Carriacou, erékùṣù tó wà lódìkejì omi, rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀ mú kó má baà já sómi.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí bàbá yìí jẹ́ fún yín. Ọmọ Minnesota ní Amẹ́ríkà ni. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó sá fún òtútù, òun àti ìyàwó ẹ̀ wá kọ́lé sí Carriacou. Oòrùn ibẹ̀ dáa lójú ẹ̀, ẹja ibẹ̀ dáa, ráàmù ibẹ̀ dáa jù lọ. Ilé ìwòsàn ibẹ̀ nìkan ni kò dáa tó fún un. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ ẹ̀ bá kóra jọ sílé ọtí, àyà ni yóò máa lù gbì-gbì-gbì.

"Èmi kẹ̀? Kí wọ́n fọwọ́ kàn mí nílé ìwòsàn ibí yìí? Níbi tí ewúrẹ́ ti ń tò sórí ìlà pẹ̀lú aláìsàn? Ẹ mọ irú ìnṣọ́ráǹsì tí mo ní? Ẹ̀fọn ì báà jẹ mí báyìí, bàálù ló máa wá gbé mi. Ó di Miami!"

Ó wí i lónìí, ó wí i lọ́la, títí àwọn ọmọ ìlú fi so orúkọ mọ́ ọn lára, tí wọ́n ń pè é ní Bàbá Miami. Ó dẹ̀ ń jẹ́ ẹ o! Ó rò pé oyè ni.

Nọ́ọ̀sì Ismay Quashie ló ń tọ́jú àwọn èèyàn nílé ìwòsàn yẹn. Ilé ẹ̀ àti ti Wendell ló pààlà, ọgbà kan ló dá wọn láàárín, gbogbo ìfọ́nnu bàbá ló ń gbọ́. Kì í bá a jà. Ẹ̀rín músẹ́ ló máa ń rín: "Ẹ bá wa kí wọn ní Miami o, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ wá dé lónìí. Linton nawọ́ sí òdìkejì omi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ wo òrùlé ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún, èyí tó pupa yẹn. Kí wọ́n tó se ìrẹsì jinná, Nọ́ọ̀sì Ismay á ti fi ẹ̀mú yọ gbogbo ẹ̀ tán."

"Ta ni? Ismay? Ismay tó ń wò mí lórí ọgbà láràárọ̀? Láéláé!"

"Ṣebí iṣẹ́ ẹ̀ ni."

"Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mi! Ṣé kí n jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi, kó máa kọrin, kó máa wojú mi, kó máa rántí ìdí mi?"

"Ẹ jókòó kẹ̀?" ni Linton wí. "Ìgbà wo lẹ tún fẹ́ jókòó, Bàbá?"

Ṣẹ́ ẹ rí i, ẹ̀gún yẹn ń dun bàbá lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gún kọ́ ni ìṣòro ẹ̀. Bí Ismay bá fi lè rí ìdí òun pẹ́nrẹ́n, ojú wo lòun fẹ́ fi wọlé ọtí lọ́jọ́ Ẹtì? Ikú yá ju ẹ̀sín. Ní Miami, bí wọ́n bá rí i, wọn ò mọ ẹni tó ni ín. Bàbá dojú bolẹ̀ sórí yanrìn, ó yọ fóònù, ó pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò.

Orin ń dún, ó ń dún, ó ń dún létí ẹ̀. Ohùn ọmọbìnrin kan bọ́ sí i, ó dùn bí oyin.

"Ẹ kú ọ̀sán sà. Ṣé ẹ̀mí yín wà nínú ewu?"

"Ìdí mi ló wà nínú ewu!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ìdí ò sí lára ohun tí à ń torí ẹ̀ gbé bàálù. Ó dàbọ̀ o."

Pò! Ó ti gbé e sílẹ̀.

Bàbá bú wọn, ó bú ìyá wọn, ó tún wọn pè. Ọmọbìnrin mìíràn ló gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá ti gbọ́n. Ó sọ ohùn di ti ẹni tó ń kú lọ.

"Àyà mi o... Ọkàn mi... ó ti dúró."

"Ó ti dúró, sà? Ta ló wá ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Bàbá wo Gretchen. Gretchen wo ojú ọ̀run.

"Ó ń dúró, ó tún ń ṣiṣẹ́," ni bàbá wí. "Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí iná ìlú ibí yìí."

"Níbo lẹ wà, sà?"

"Àárín òkun! Kò sí ọ̀nà! Kò sí dókítà! Kò séèyàn kankan!"

"Èmi ń kọ́?" ni Linton bèèrè.

"Panu mọ́!"

"Ó dáa sà," lọmọbìnrin wí, "hẹlikópítà máa wá gbé yín. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ ka àdéhùn yín sí yín létí ná. Ilé-iṣẹ́ wa nìkan ló láṣẹ láti yan..."

"Mo gbà!"

"Ẹ jẹ́ n kà á tán, sà. Láti yan ibi tí..."

"Mo gbà, mo gbà, mo gbà! Ṣé kí n kú tán kẹ́ ẹ tó parí ìwé kíkà ni?"

Ó pa fóònù. Gretchen mi orí.

"Wendell, ò bá jẹ́ kó kà á tán."

"Kí ló fẹ́ kà? Ṣé mi ò mọ ohun tí mo rà ni? Àwòrán ẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé wọn gbàgàdà: bàálù, òkun, dókítà tó ń rẹ́rìn-ín. Kí ló tún kù?"

Wọ́n dúró, dúró, dúró. Oòrùn ń yan ìdí bàbá. Àánú ṣe Linton, ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi mu ráàmù, ó fún un sójú ẹ̀gún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé wọn. Igbe tí bàbá ké! Bí ẹyẹ kan bá ṣẹ́kù sí tòsí, ìyẹn náà lọ.

Ni wọ́n bá gbọ́ ọ.

Wàwàwàwàwàwà!

Inú bàbá dùn, ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. "Ẹ rí i? Ẹ rí i bí? Kí ni mo ti ń sọ látọjọ́ yìí?"

Yanrìn yẹn kéré, hẹlikópítà kò rí ibi bà sí. Wọ́n rọ okùn sílẹ̀, ọkùnrin kan sì bá okùn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú pákó tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn.

"Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, sà."

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Rárá o!"

"Ẹni tí ọkàn ń dùn, ẹ̀yìn ló ń fi sùn."

"Tèmi yàtọ̀! Àyà ni tèmi!"

Wọ́n dì í mọ́ pákó gbọnin-gbọnin, ó dojú bolẹ̀, ó yọ ìdí sókè. Gretchen fi aṣọ ìnura bò ó. Àyè ìyàwó ò sí nínú hẹlikópítà, Linton ni yóò gbé e lọ sílé. Bàbá wá ń dágbére bí ọba tó fẹ́ rìnrìn àjò.

"Gretchen, bí mo bá dé Miami, màá pè ẹ́. Linton, bá mi kí gbogbo wọn. Kí Ismay dáadáa. Sọ fún un pé mo ní ó dìgbà!"

Okùn fà á. Afẹ́fẹ́ hẹlikópítà fẹ́ fìììì! Aṣọ ìnura bá tiẹ̀ lọ. Gretchen rí i bó ṣe ń fò lọ lójú òkun, ó sì yáa wọ inú ọkọ̀ Linton.

Wọ́n gbé bàbá rọ̀ dirodiro, wọ́n ń gbé e lọ. Ó dijú. Ó ti ń rí Miami lọ́kàn ara ẹ̀: ẹ̀rọ amúlétutù, bẹ́ẹ̀dì funfun, dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kò tíì ronú dé orí oúnjẹ alẹ́ tó fi rí i pé àwọn ti ń sọ̀ kalẹ̀.

"Á à! A ti dé? Ẹ wo iṣẹ́ ìgbàlódé! Ìnṣọ́ráǹsì gidi nìyí!"

Pákó balẹ̀ sórí koríko jẹ́ẹ́. Bàbá la ojú kan.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ rí.

Ewúrẹ́ yẹn wò ó. Òun náà wo ewúrẹ́. Kí ni ewúrẹ́ ń wá ní Miami? Ewúrẹ́ gbọ́ òórùn ọsàn wẹ́wẹ́, ó yí gba ẹ̀yìn ẹ̀ lọ, ó yọ ahọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnì kan tó fi igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì lé e.

Igi kíríkẹ́ẹ̀tì kẹ̀?

"Ẹ jọ̀ọ́," bàbá bi ọkùnrin inú hẹlikópítà, "níbo nìyí?"

"Carriacou, sà. Pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn."

"Miami ń kọ́?!"

"Miami kẹ̀? Ibi ìtọ́jú tó bá sún mọ́ yín jù lọ ni àdéhùn yín wí. Wọ́n ní àwọ́n kà á fún yín. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ gbà."

Áà! Ọjọ́ tí wọ́n ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ni o. Ẹgbẹ́ méjèèjì pa eré tì. Adájọ́ eré ṣí fìlà. Àwọn ìyá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ta ẹja díndín létí pápá kó agboòrùn wọn, wọ́n sáré wá, ó ku ẹni tí yóò dúró ti ẹja. Linton àti Gretchen ti gúnlẹ̀ ṣáájú wọn, nígbà tí hẹlikópítà ṣì ń fò yípo lókè torí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lórí pápá. Linton ti ròyìn tán fún gbogbo ìlú. Gretchen ń mu omi àgbọn.

"Ṣé irùngbọ̀n nìyẹn?" ni ìyá kan bèèrè.

"Bàbá Miami ni!" ni gbogbo wọn fi dáhùn.

Èrò là sí méjì. Nọ́ọ̀sì Ismay ló ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó wọ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ̀mú ń dán lọ́wọ́ ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ohun tó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Wọ́n pè mí pé ọkàn ló ń dùn yín," ló wí. "Ọkàn yín mà ti rìn jìnnà o."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sétí bàbá, ó rín ẹ̀rín músẹ́ tó máa ń rín lórí ọgbà.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ sí Miami."