Igbákejì Tí Kò Gbọdọ̀ Lahùn

Mílíọ̀nù méjìdínlógún ni Ọ̀gá Àwòrán san fún fọ́ọ̀mù ìdíje gómìnà. Kó tó rí owó náà yá, ó fi ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé dógò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa: ewé ìwé mẹ́rin péré ni fọ́ọ̀mù yẹn. Owó ewé kan nínú rẹ̀ tó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún odidi àdúgbò. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àwòrán kì í kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwòrán ló máa ń gbé kọ́.

Àwòrán rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó wà nínú ilé ìdáná níbi tó ti ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń bu iyọ̀. Èyí tó wà ní yàrá àlejò tóbi débi pé wọ́n dí fèrèsé kan kó tó rí ààyè. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, awakọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kígbe: "Ọ̀gá Àwòrán! Arẹwà inú férémù! Ẹni tí kámẹ́rà rí tó gbàgbé àwọn tó kù!" Oríkì yẹn wà nínú owó oṣù awakọ̀. Ọjọ́ tó bá gbàgbé, wọ́n á gé e kúrò níbẹ̀.

Kó tó di pé ó ń dupò gómìnà, òun ni ọ̀gá pátápátá nílé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ó ṣí òrùlé ilé-ìwé àárín ìlú, ó ní òun fẹ́ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ti kọjá. Agboòrùn làwọn ọmọ ń gbé lọ sí kíláàsì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, èsì Ọ̀gá Àwòrán kì í yí padà: "Òrùlé wà lójú ọ̀nà."

Ìdí nìyí tí alága ẹgbẹ́ òṣèlú wọn fi ránṣẹ́ pè é.

"Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́," ni alága wí. "Ìyẹn gan-an ni wàhálà wa. Wá igbákejì tí wọ́n fẹ́ràn. Bí o kò bá fà á jáde lọ́jọ́ Sátidé, ẹlòmíràn la máa fà kalẹ̀."

"Owó fọ́ọ̀mù mi ńkọ́?"

"A kì í dá a padà. Ṣé o kò ka ojú ewé kẹrin ni?"

Kò kà á. Kò sí àwòrán níbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí ìlú fẹ́ràn, Mo-Jẹ-Ẹ́ sì ni wọ́n ń pè é. Alága ìjọba ìbílẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé owó ẹ̀rọ omi lé e lọ́wọ́. Nígbà tó yá, àwọn ará àdúgbò pè é sí ìpàdé pé kó wá ṣàlàyé ibi tí owó wọlé sí. Gbogbo wọn ti fẹ̀yìn ti àga, wọ́n ń retí irọ́ gígùn. Ọkùnrin náà dìde, ó ní, "Mo jẹ ẹ́."

Kò tíì jókòó tó fi kún un:

"Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ìyókù ni ẹ̀rọ omi tó wà níta yẹn, ẹ lọ ṣí i wò."

Wọ́n lọ ṣí i, omi tú jáde. Ìyá àgbàlagbà kan bú sẹ́kún ayọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ìjọba yọ Mo-Jẹ-Ẹ́ nípò, àwọn ará àdúgbò sì fi ijó àti ìlù agolo sìn ín délé.

Ọ̀gá Àwòrán wá ń rìn lọ rìn bọ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí yẹ̀ wò.

"Ó lérò lẹ́yìn," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Àmọ́ ẹnu rẹ̀! Ẹnu yẹn kò ní ìlẹ̀kùn."

"Dádì, ẹ̀yin náà ńkọ́? Èrò tiyín dà?"

"Ta ni kò mọ̀ mí?"

"Wọ́n mọ ibà náà."

"Obìnrin yìí, ṣé ẹ̀yìn mi lo wà ṣá?"

"Inú ilé tí ẹ fi dógò ni mo wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ máa wà. Ẹ mú ọkùnrin náà tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi ọgbọ́n yín kún un."

Ó ti pẹ́ jù. Ọ̀gá Àwòrán ti dúró níwájú àwòrán ńlá yẹn, ó sì ti rí ohun kan tí kò rí rí: àwòrán kì í sọ̀rọ̀. Igbákejì tó dà bí àwòrán! Ojú tí gbogbo ayé fẹ́ràn, láìsí ẹnu! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó di férémù mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì, Mo-Jẹ-Ẹ́ jókòó síwájú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, kí lo fẹ́ nínú iṣẹ́ igbákejì gómìnà?"

"Mọ́tò ẹ̀," ni Mo-Jẹ-Ẹ́ dáhùn. "Àti ilé ìjọba. Ibi tí mò ń gbé há."

"O ò tiẹ̀ ní sọ pé o fẹ́ sin ìlú?"

"Màá sìn ín díẹ̀."

Ọ̀gá Àwòrán fọwọ́ bo etí. "Ohun tí mò ń wí nìyẹn! Gbọ́. Láti Sátidé títí ìbò fi máa parí, ọ̀fun ń dùn ọ́. O kò gbọdọ̀ lahùn."

"Mọ́tò ńkọ́?"

"Wàá gbà á."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan kò ní ti ẹnu mi jáde, mo ṣèlérí. Àmọ́ mi ò mọ irọ́ pa o, ọ̀gá."

"Ta ló ní kí o pa á? Èèyàn dákẹ́, ṣé irọ́ nìyẹn?"

Àbúrò ìyàwó Ọ̀gá Àwòrán ni wọ́n pè kó wá di bándéèjì. Dókítà ẹran ni. Ẹsẹ̀ màlúù ló mọ̀ ọ́n dì jù láyé rẹ̀, nítorí náà ó yí bándéèjì po ọrùn Mo-Jẹ-Ẹ́ títí ọrùn náà fi dà bí òpó tí wọ́n kùn lẹ́fun.

"Ṣé kò le jù báyìí?" ni Ọ̀gá Àwòrán béèrè.

"Àwọn màlúù kì í ráhùn," ni dókítà wí, ó sì na ọwọ́ fún owó iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé pé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Ọ̀gá Àwòrán sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń sùn. Lẹ́yìn náà ló fa Mo-Jẹ-Ẹ́ jáde, ariwo ayọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn.

"Sọ̀rọ̀! Sọ̀rọ̀!"

"Ọ̀fun ń dùn ún," ni Ọ̀gá Àwòrán ké sínú máíìkì. "Dókítà ní kò gbọdọ̀ lahùn. Ẹ má dààmú, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lẹ gbọ́ lẹ́nu mi yẹn!"

Ìyá aránṣọ kan dìde ní iwájú. "Kó má wulẹ̀ lahùn. Mo-Jẹ-Ẹ́, ọmọ mi, ṣé o rántí wa?"

Mo-Jẹ-Ẹ́ mi orí sókè sódò.

"Owó omi yẹn, ṣé lóòótọ́ lo jẹ ẹ́?"

Ó tún mi orí sókè sódò, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn èèyàn fò sókè, wọ́n ń di ara wọn mọ́ra. Ọ̀gá Àwòrán rí i, orí rẹ̀ wú. Ó rò pé òun ni wọ́n ń hó fún. Ó gba máíìkì: "Ẹ tún bi í! Ohunkóhun tó bá wù yín, ẹ bi í!"

Ẹ ò rí ayé ọkùnrin yìí.

"Ṣé ọ̀fun ń dùn ọ́ ni?" ni ìyá náà béèrè.

Mo-Jẹ-Ẹ́ mi orí sọ́tùn-ún sósì.

"Oògùn ló ń pa á bí ọtí!" ni Ọ̀gá Àwòrán pariwo.

"Ṣé o lo oògùn?"

Rárá.

"Ẹni tó dì ọ́ báyìí, ṣé dókítà èèyàn ni?"

Rárá.

"Ti ẹran?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín bẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá aránṣọ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ rẹ̀ méjì ló wà nílé-ìwé tí kò lórùlé yẹn.

"Mo-Jẹ-Ẹ́, òrùlé àwọn ọmọ wa. Ṣé ó wà lójú ọ̀nà?"

Mo-Jẹ-Ẹ́ wo Ọ̀gá Àwòrán bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́tùn-ún nígbà tí Ọ̀gá Àwòrán fò mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí náà mú bí onígbàjámọ̀ ṣe ń di ọmọ tó ń sunkún mú. Gbogbo kámẹ́rà inú gbọ̀ngàn tàn yẹ̀ẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́! Ẹ jẹ́ kó sinmi!"

"Bí wọ́n bá ti jẹ owó òrùlé náà," ni ìyá náà wí, "na ọwọ́ sókè."

Mo-Jẹ-Ẹ́ na ọwọ́ sókè.

"Ṣé ẹni tó di orí rẹ mú yẹn ló jẹ ẹ́?"

Ó na ọwọ́ kejì.

"Ìdá mélòó nínú mẹ́wàá?"

Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nà gbọnrangandan.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí Ọ̀gá Àwòrán ń wí mọ́. Wọ́n gbé Mo-Jẹ-Ẹ́ lé èjìká, bándéèjì ń tú kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ń wọ́ tẹ̀ lé e bí ìrù. Alága ẹgbẹ́ sáré bá wọn lẹ́nu ọ̀nà: ṣé yóò dupò gómìnà fúnra rẹ̀? Mo-Jẹ-Ẹ́ mi orí sókè sódò. Kò lahùn síbẹ̀. Ó ti ṣèlérí.

Àwọn akọ̀ròyìn yí padà sí orí ìtàgé. "Ọ̀gá, kí lẹ rí sọ?"

Ọ̀gá Àwòrán wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó he èyí tó já nínú bándéèjì náà nílẹ̀, ó fi wé ọrùn ara rẹ̀, ó sì ń tọ́ka sí ọ̀fun.

"Kò burú, sà," ni akọ̀ròyìn kan wí, ó gbé kámẹ́rà sójú. "Ẹ ṣáà máa fi orí dáhùn."

"Ẹ dúró ná," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ti gun orí ìtàgé dé ọ̀dọ̀ wọn. "Èmi ni màá kọ́kọ́ béèrè. Dádì, ṣé ilé wa ṣì jẹ́ tiwa?"

Ọ̀gá Àwòrán wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo kámẹ́rà. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, ó sì padà sósì.