"A Dúpẹ́" Kì Í Hó Nínú Ìkòkò

Ìyá ìyá mi, Olúfadékẹ́, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún wa, ní ọdún Àjíǹde 1964, nígbà tí a jókòó yí i ká tí a ń bó ẹ̀gúsí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n sì ti bù mọ́ ọn. Bí òun ṣe sọ ọ́ ni èmi yóò ṣe sọ ọ́, nítorí Àwẹ̀ró tí ẹ óò gbọ́ nípa rẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà ilé wa fi ń pa òwe pé "A dúpẹ́" kì í hó nínú ìkòkò? Ẹ sún mọ́ mi.

Ní Òkè-Àfọ̀n, ebi kì í pa ẹni tí ará àdúgbò bá mọ̀ pé ebi ń pa. Àdúgbò ní àká kan tí oníkálukú ń kó iṣu sí nígbà ìkórè, fún opó, fún aláìsàn, fún ẹni tí oko rẹ̀ jóná. Yèyé Fadérera ló ń ṣọ́ àká náà. Àwọn ọkùnrin kan sì wà tí wọ́n ń ṣe òrùlé fún aláìní láìgba kọ́bọ̀. Ògúnsínà ni olórí wọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́: kó sọ ọ́.

Láṣebìkan, ọkọ Àwẹ̀ró, kò lè sọ ọ́. Kì í ṣe ìgbéraga. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ni. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti fi ẹgba kọ́ ọ pé bí àgbà bá kí ọ, "a dúpẹ́" ni èsì, ì báà jẹ́ pé ejò ló wé mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ìjì kan jà. Ó ṣí òrùlé ilé Láṣebìkan tó wà lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ létí odò, níbi tí ẹsẹ̀ èrò kì í sábàá dé. Odò náà kún, ó gbé gbogbo iṣu wọn lọ. Àwẹ̀ró ti ń wúkọ́ tẹ́lẹ̀. Ó wá ń wú u lábẹ́ ojú ọ̀run gbalasa.

"Bàálé mi," ó ní, "ẹ lọ bá Yèyé."

Láṣebìkan lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Láṣebìkan! Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́, Yèyé."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà, Yèyé."

"Ìjì yẹn kò ṣe yín ní nǹkan?"

"Ọlọ́run ò gbà fún un."

Omi lé ròrò sójú Yèyé. "Láti àárọ̀ tí mo ti jí, gbogbo ẹni tó wọlé yìí ló ń sunkún iṣu. Ìwọ nìkan ló wá kí mi lásán. Ọmọ gidi ni ọ́." Ó gbàdúrà gbọọrọ fún un. Láṣebìkan ṣe àmín, ó dìde, ó sì gbé àdúrà náà lọ sílé fún Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró wò ó. "Ṣé kí n gé e ni, àbí kí n sè é lódidi?"

Nígbà kejì, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí bó ṣe ń lọ: "Yèyé, ebi ń pa wá. Yèyé, ebi ń pa wá." Ó sọ ọ́ fún ewúrẹ́, ó sọ ọ́ fún igi ọ̀pẹ. Kò sí èyí tó dà á láàmú nínú wọn, nítorí kò sí èyí tó kí i. Ṣùgbọ́n Ògúnsínà ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà àká.

"Ẹ̀gbọ́n! Òrùlé yín ńkọ́ o?"

"À ń dúpẹ́ lábẹ́ rẹ̀."

"Ẹ ò rí i! Tiyín dúró, ti opó Bánkẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa fọwọ́ sí i."

Bí ọkùnrin tí kò ní òrùlé ṣe gun òrùlé olórùlé nìyẹn. Òun nìkan ló wà ní góńgó ilé, tí wọ́n ń ju koríko sí i láti ìsàlẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń rí ilé tirẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán létí odò. Ó rí inú yàrá. Ó rí aṣọ pupa Àwẹ̀ró lórí ẹní, nítorí kò sí ohun tó bò ó. Òjò sì ń ṣú bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wò?" Ògúnsínà pè é.

"Kò sí o. A dúpẹ́."

Nítorí ìwà rere yìí, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tí yóò máa gba iṣu lọ́wọ́ àwọn tí nǹkan rọ̀ṣọ̀mù fún. Yèyé fúnra rẹ̀ ló gbé agbọ̀n lé e lórí. "Ilé olórí," ó ní, "la ti ń bẹ̀rẹ̀."

Àwẹ̀ró gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbórí sókè. "Kí lẹ gbé wá?"

"Agbọ̀n."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò tíì sí nǹkan. Wọ́n ní kí n wá gba tiwa."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́, tí ikọ́ fi di ẹ̀jẹ̀. Ó nu ẹnu, ó wé gèlè, ó fi ọmọ odó ṣe ọ̀pá, kò kúkú ní ohun tí yóò fi í gún. Ó gun òkè lọ bá Yèyé lẹ́nu ọ̀nà àká. Láṣebìkan ń tẹ̀ lé e, agbọ̀n lórí.

"Àwẹ̀ró! Ṣé dáadáa ni?"

"Rárá, Yèyé. Kò dáa."

Ẹnu ya gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tó wá tọrọ iṣu pàápàá, "A dúpẹ́" ló kọ́kọ́ ń fi jẹ́ ìkíni; ẹni kan kò fèsì báyìí rí ní Òkè-Àfọ̀n.

"Ilé ńkọ́?"

"Ìjì ti ṣí i."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Odò gbé e lọ."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó ń dúpẹ́." Ó fara ti ọmọ odó. "Ó ń gbé e wá fún mi lójoojúmọ́, Yèyé. Mo ti gbé e kaná, mo ti koná mọ́ ọn. 'A dúpẹ́' kì í hó nínú ìkòkò."

Yèyé bọ́ ìborùn ara rẹ̀, ó fi bò ó. Kí oòrùn tó wọ̀, iṣu ti dé ilé létí odò, Ògúnsínà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti wà lórí ògiri. Òrùlé tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ló dára jù ní gbogbo ìlú. Ẹ̀kán omi kan kò gbà á kọjá.

Ṣùgbọ́n òtútù ti wọ Àwẹ̀ró láyà. Abẹ́ òrùlé tuntun yẹn ló kú sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, tí iṣu sì wà ní igun yàrá.

Ìyá ìyá mi dé láti ilé ọkọ rẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ kẹjọ, ilé kún fọ́fọ́. Yèyé wọlé, ẹnu rẹ̀ sì sọ ohun tó ti mọ́ ọn lára: "Láṣebìkan, ṣé dáadáa ni?"

Láṣebìkan la ẹnu. "A..." Ó wo ìkòkò Àwẹ̀ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Rárá, Yèyé," ó ní. "Kò dáa. Kò dáa rárá." Ó sì sunkún bí ẹni tó ti ń tọ́jú ẹkún láti kékeré.

Ògúnsínà náà bú sẹ́kún. "Òrùlé tèmi náà ń jò! Ọdún kẹta nìyí!"

"Ẹ má bínú o," ni opó Bánkẹ́ wí, "ilẹ̀kùn tí ẹ fi sí ilé mi kò ṣeé ṣí. Ojú fèrèsé ni mo ń gbà jáde."

Yèyé tó ń ṣọ́ iṣu gbogbo ìlú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ọbẹ̀ òun kò rí iyọ̀ láti oṣù tó kọjá, pé ojú ń ti òun láti tọrọ níbi tí òun ti ń fúnni. Ẹkún àti ẹ̀rín wá dàpọ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ èyí tí òun ń ṣe mọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé lẹ́nu ọ̀nà àká, a kò ní béèrè "Ṣé dáadáa ni?" mọ́. "Kí ló ń hó nílé?" la ó máa béèrè. Ẹni tó bá fèsì pé "A dúpẹ́," kí ẹnì kan tẹ̀ lé e délé, kó ṣí ìkòkò rẹ̀ wò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1938 ni wọ́n fẹnu kò sí i. Láṣebìkan ló gbé ìkòkò Àwẹ̀ró sókè kí gbogbo ilé lè rí inú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí aya rẹ̀ ṣe sọ ọ́: "A dúpẹ́" kì í hó nínú ìkòkò.