Ọkọ̀ Ọ̀ọ́dúnrún Ẹṣin, Ẹnu Ẹgbẹ̀rin

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, òórùn epo bẹntiróòlù ló sì kọ́kọ́ wọlé kí àwọn ẹlẹ́jọ́ tó dé. Mẹkáníìkì ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìjì ló pè é, ohun tó sì ń béèrè kì í ṣe kékeré. Ó ní kí Baálẹ̀ ní kí wọ́n wó pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lulẹ̀, kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ láé. Ọdún méjìlélógún ni ọkùnrin yìí ti ń jẹun lábẹ́ pátákó ọ̀hún.

Ìjì rojọ́. Ó ní òun fi tọ́bò sí ọkọ̀ òun, ìyẹn nǹkan tó máa ń ki afẹ́fẹ́ bọ ẹnjìnnì tipátipá kí ọkọ̀ lè sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Nígbà tí afẹ́fẹ́ pọ̀ tán, epo ò tó o mọ́, lòun bá ní kí mẹkáníìkì yan pọ́ọ̀ǹpù epo àti nọ́sù, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹnjìnnì, tí yóò bá a mu. Mẹkáníìkì yàn án. Ní ọjọ́ Sátidé, òun gbé ìyá ìyàwó òun síjókòó iwájú, kí wọ́n lè mọ irú ọkọ tí ọmọ wọn fẹ́. Wọn ò tíì kọjá oríta kejì tí ọkọ̀ fi wúkọ́, tó gùnfẹ̀, tó tu èéfín dúdú bo gbogbo wọn, tó sì kú sáàárín títì.

"Aṣọ funfun ni Màmá wọ̀ jáde," ni Ìjì wí. "Nígbà tí a padà délé, ọmọ wọn bi mí pé ta ni mo gbé wá."

Baálẹ̀ kọjú sí mẹkáníìkì.

"Bàbá, mi ò jiyàn. Pọ́ọ̀ǹpù tí mo fi sí i ń tu epo bíi ti àwọn panápaná. Àmọ́ ó bá a mu."

"Ó bá kí ni mu? Ọkọ̀ tó kú sójú títì?"

"Ó bá ẹnu rẹ̀ mu, Bàbá."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín, Baálẹ̀ ní kó ṣàlàyé. Ó ní wọn kì í fojú díwọ̀n pọ́ọ̀ǹpù, agbára ẹnjìnnì, tí wọ́n máa ń fi iye ẹṣin kà, ni wọ́n fi ń yàn án. Tí epo bá kéré jù, ẹnjìnnì á jóná. Tó bá pọ̀ jù, á mu epo yó, á sì kú. Ìdí nìyẹn tóun fi lọ bi Ìjì ní ṣọ́ọ̀bù gbàjámọ̀ rẹ̀ pé ẹṣin mélòó ni. Oníbàárà márùn-ún ló jókòó ńbẹ̀ nígbà tó ní ẹgbẹ̀rin ni.

"Tí èèyàn bá ní ẹgbẹ̀rin àlejò ń bọ̀ nílé òun, ṣé ìkòkò ẹni mẹ́ta la máa gbé kaná fún un?"

Ìjì ní ẹgbẹ̀rin náà ni, òun lẹ́rìí. Ló bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, fọkanáísà tó ń lẹ táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fọkanáísà búra pé Ìjì kì í purọ́, etí òun báyìí lòun fi gbọ́ ọ.

"Ẹgbẹ̀ta géérégé."

"Ẹgbẹ̀rin ni," Ìjì sọ̀rọ̀ láàárín eyín.

"Ẹgbẹ̀ta lo sọ fún èmi. Àbí wọ́n ti bímọ látìgbà yẹn ni?"

Wọ́n pe ìyá ìyàwó. Obìnrin yìí wọlé pẹ̀lú ojú tó le koko. Ó ní lọ́jọ́ tí Ìjì wá tọrọ ọmọ òun, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ló pè é. Ìjòyè kan wá ní ó jọ pé bí iyì ẹni tó ń gbọ́ bá ṣe tó ni iye ẹṣin ń tó.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí báàgì rẹ̀. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ kú, òun ń wá nǹkan tóun máa fi nu ojú, lòun bá ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó òun. Ìwé kan ló wà níbẹ̀, ìwé àwọn tó ń gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ tó ń ka ẹṣin inú rẹ̀. Òun ti fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kí ojú òun tó bá ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Akọ̀wé gbà á, ó kà á sókè: ọ̀ọ́dúnrún. Oṣù kan gbáko kí Ìjì tó lọ bá mẹkáníìkì ni wọ́n ti fún un níwèé náà.

Ọkàn mẹkáníìkì balẹ̀ wẹ̀sẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí Baálẹ̀ fi gba ayọ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó ń ka ẹṣin yìí, ṣé ó jìnnà sí ọ ni?"

"Òpópónà kejì sí mi ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò gbé ọkọ̀ náà lọ síbẹ̀?"

Mẹkáníìkì wo ilẹ̀. "Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ọkọ̀ ẹgbẹ̀rin ẹṣin kì í dún báyẹn. Ojú ló ń tì mí láti já irọ́ rẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní ẹni tó purọ́ jẹ̀bi, ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni tó wá ra pọ́ọ̀ǹpù fún irọ́ náà jẹ̀bi. Pátákó kò ní wó, àmọ́ mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà-gadagba pé: Ọkọ̀ là ń wọ̀n, a kì í wọn ẹnu. Ní ti Ìjì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹṣin ló dín, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì dí i. Ó máa fọwọ́ ti ọkọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ẹni tó purọ́ fún, kó máa pariwo iye tó jẹ́ gan-an. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni yóò jókòó síwájú, torí òun ni wọ́n purọ́ fún jù.

"Ẹnikẹ́ni tó bá tún pa irú irọ́ yìí nílùú yìí, bákan náà ni. Kò sí ojúsàájú."

Mẹkáníìkì ti dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Bó ṣe ń dìde ló rántí ìwé kan nínú àpò rẹ̀ tó kọ ohun tó máa rà lọ́la sí. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ìtìjú ló fẹ́ẹ̀ wó pátákó rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Pọ́ọ̀ǹpù ọkọ̀ tiyín tí mo fẹ́ rà lọ́la, ẹgbẹ̀rún ẹṣin lẹ ní. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ wọ̀n ọ́n?"

Gbogbo ìjòyè gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. Baálẹ̀ wo ìyá ìyàwó, ìyẹn náà wò ó, kò ṣẹ́jú. Ló bá ṣí fìlà rẹ̀, ó rọra gbé e sórí àga.

"Ìjì," ó ní, "dúró dè mí. Ẹ̀yìn ilé ni tèmi wà."

Kó tó di ọ̀sán, ọkọ̀ méjèèjì ti wà lójú títì, wọ́n so wọ́n mọ́ra, Ìjì àti Baálẹ̀ ń tì wọ́n látẹ̀yìn. Màmá yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ iwájú, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yára díẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ẹṣin kì í rìn báyìí.