Ẹjọ́ Ewúrẹ́ Lórí Àga Ajẹ́lẹ̀

Ilé ẹjọ́ tí àwọn òyìnbó kọ́ sí Ọ̀yọ́ láyé ọjọ́un ni ìjọba ti sọ di mùsíọ́mù. Rejoice Akínpẹ̀lú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń mú àlejò yíká inú rẹ̀, ó sì ti há gbogbo ohun tó máa sọ sórí bí àkọ́sórí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ jáde lọ jẹun, Bàbá Ọládépò, oníṣẹ́ awọ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọlé tòun ti agbádá ọdún lọ́rùn.

REJOICE: Ẹ káàbọ̀ sà. Rejoice lorúkọ mi. Lápá ọ̀tún yín ni àga tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó máa ń jókòó lé dá ẹjọ́. Igi ìrókò ni wọ́n fi...

BÀBÁ: Òun gan-an ni mo bá wá.

(Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá okùn tí wọ́n ta yí àga náà ká.)

REJOICE: Háà! Bàbá! Níbo lẹ ń lọ?

BÀBÁ: Mo fẹ́ jókòó.

REJOICE: Ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀ sà. Wíwò là ń wò ó.

BÀBÁ: Àga là ń wò? Ṣé ẹ máa ń wo ọbẹ̀ náà títí á fi kan ni?

REJOICE: Gbogbo àlejò ló ń wò ó, tí wọ́n á sì máa lọ.

BÀBÁ: Ìyẹn àlejò. A jí ṣe bí Ọ̀yọ́ là ń rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnìkan.

REJOICE: Bàbá, bí ọ̀gá mi bá bá yín lórí ẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹ dákun. (Ó sáré gbé àga rọ́bà tirẹ̀ wá.) Ẹ fìdí lé èyí.

BÀBÁ: Ṣé iwájú àga rọ́bà ni bàbá bàbá mi dúró sí?

REJOICE: Wọ́n dúró síbí?

BÀBÁ: Ewúrẹ́ wọn ló jẹ òdòdó ìyàwó ajẹ́lẹ̀. Ni wọ́n bá mú ewúrẹ́, wọ́n mú ẹni tó ni ín. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti dá àgbàlagbà dúró, tí ajẹ́lẹ̀, ọmọkùnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ, jókòó síwájú wọn, tó ń mu tíì. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó ní ewúrẹ́ jẹ̀bi, ó gbẹ́sẹ̀ lé e. Bàbá bàbá mi ní, "Ó dáa. Ọmọ mi kan á jókòó lórí àga yìí." Bàbá mi gbìyànjú, wọn ò jẹ́ kí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ló kù, orúnkún mi sì ti ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má pẹ́ mọ́.

REJOICE: Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ajẹ́lẹ̀ yẹn fẹ́ràn ará ìlú gan-an.

BÀBÁ: Ó fẹ́ràn wa. Ewúrẹ́ wa ló kọ́kọ́ fẹ́ràn. Alẹ́ ọjọ́ náà ló jẹ ẹ́.

(Bàbá lọ dúró síbi tí wọ́n ń dá àwọn ẹlẹ́jọ́ dúró sí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.)

BÀBÁ: Bí n ò bá jókòó, n ó dúró. Ìwọ jókòó ní tìrẹ.

REJOICE: Kí n jókòó, kí àgbàlagbà wà lórí ìdúró? Bí ìyá mi bá gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò ní jẹ́ n wọlé!

BÀBÁ: Ọmọ Ajílété, wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Jẹ́ ká jọ dúró nígbà náà.

(Wọ́n dúró. Bàbá ń wo òrùlé bí ẹni pé òun ló kàn án. Rejoice gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì, ó tún gbé ọ̀tún.)

BÀBÁ: Bàtà yẹn ń fún ọ.

REJOICE: Kò fún mi sà.

BÀBÁ: Iṣẹ́ awọ ni mò ń ṣe, mò ń gbọ́ igbe ẹ̀ níbí. Bó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, gìgísẹ̀ ẹ á ti bó.

REJOICE: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sórí rọ́bà, kémi náà lè ráyè jókòó.

BÀBÁ: Kò tíì rẹ̀ mí.

REJOICE: Bàbá, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

BÀBÁ: Mo ti kà á. Ṣé ọwọ́ lẹ fi ń jókòó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?

(Rejoice wo àga náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo bàtà rẹ̀.)

REJOICE: Ẹ̀ẹ̀kan péré o! Ẹ jókòó, ẹ dìde. Ọwọ́ yín ò sì gbọdọ̀ kàn án!

(Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sún ìdí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi balẹ̀. Kó tó jókòó tán, Rejoice ti ṣubú lu àga rọ́bà, ó ti bọ́ bàtà.)

BÀBÁ: (Ó gbójú sókè.) Bàbá mi, bàbá bàbá mi, ẹ wò mí o. Mo ti jókòó. Inú mi dùn, ó dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn.

REJOICE: (Ó ń nu ojú.) Ẹ kú oríire sà. Ó ti tó. Ẹ dìde.

BÀBÁ: Dìde kẹ̀? Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Akọ̀wé, pe ẹjọ́ ewúrẹ́!

REJOICE: Bàbá!

BÀBÁ: Bí o bá tètè pè é, n ó tètè dìde.

(Rejoice dìde láìwọ bàtà, ó fi ohùn tó fi ń mú àlejò yíká pariwo.)

REJOICE: Ewúrẹ́ ilé Ọládépò! Wọ́n ní o jẹ òdòdó ìyàwó ajẹ́lẹ̀! Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?

BÀBÁ: Ta ló gbin oúnjẹ ewúrẹ́ sójú ọ̀nà ewúrẹ́? Ewúrẹ́ ò jẹ̀bi! Kó máa lọ sílé ní àlàáfíà.

REJOICE: Ó ti lọ sà! Ẹ̀yin náà, ẹ máa bọ̀.

(Bàbá mí kanlẹ̀, ó fẹ́ dìde. Orúnkún kọ̀. Ó tún gbìyànjú. Orúnkún ní kò sí ohun tó jọ ọ́.)

BÀBÁ: Rìjọ́ìsì, bí n ò bá fọwọ́ ti àga yìí, n ò lè dìde.

REJOICE: Ẹ fọwọ́ tì í, ẹ jọ̀ọ́!

BÀBÁ: Kí n rú òfin ìjọba? Nínú ilé ẹjọ́?

(Ọ̀kadà kan dúró lóde. Ẹnì kan ń wúkọ́ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Rejoice wó lulẹ̀ lórí eékún níwájú àga ajẹ́lẹ̀.)

REJOICE: Ọ̀gá mi ti dé! Bàbá, mo kúnlẹ̀ o! Kí la máa ṣe?

(Bàbá tún agbádá rẹ̀ ṣe sí èjìká, ó fẹ̀yìn ti àga dáadáa.)

BÀBÁ: Fọkàn balẹ̀. Ní kó wọlé, kó lọ dúró síbi tí bàbá bàbá mi dúró sí. Ẹjọ́ tiẹ̀ ló kàn.